“Ṣé Á Wá Mú Èmi Náà Lọ?”: Ohun Tí Àwọn Ọmọdé Kọ́ Mi Níbi Tí Mo Ti Ń Kọ́ Wọn ní Ìgbàgbọ́ Kristẹni

Ẹ̀yin àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristẹni lé lọ́wọ́ ní kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn tí mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ kò buyì kún mi, ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà lọ.

Mo ti tó ọdún mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Ìyá àgbà ọmọ kan ní kíláàsì mi kú. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọ náà. Nígbà tó padà wá sílé ẹ̀kọ́, ó kàn jókòó ni, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo lóṣòó tì í, mo ní: “Má sunkún mọ́. Ọlọ́run fẹ́ràn màmá àgbà ni ó ṣe mú wọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.” Ó mi orí. Mo dìde, ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run fẹ́ràn gbogbo ọmọdé. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mìíràn, èyí tó máa ń jókòó lẹ́yìn ọmọ yẹn, fa aṣọ mi. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní: “Tíṣà, ẹ ní Ọlọ́run fẹ́ràn mi. Ṣé á wá mú èmi náà lọ?”

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn ò ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Gbólóhùn méjì ló gbọ́ lẹ́nu mi, ó so wọ́n pọ̀ bí ẹni ń ṣírò, ó sì rí ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ìlà. Èmi ni mi ò so wọ́n pọ̀ kí n tó sọ wọ́n.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ yóò di odindi. Òwe àgbàlagbà nìyẹn. Ọmọ ọdún 6 kò tíì ní àbọ̀ kejì tí yóò fi kún tiwa. Bí a bá fún un ní àbọ̀, yóò gbé àbọ̀ lọ sílé, tàbí kó lọ wá àbọ̀ mìíràn níbi tí a kò fọkàn sí, kó fi dí i. Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ Switzerland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí ọmọdé ṣe ń ronú, fi hàn pé láti bí ọdún 7 sí 11, ohun tí ojú rí tí ọwọ́ sì lè bà ni ọmọ máa ń rò já. Ríro ohun tí kò ṣeé dì mú, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ń dé. Ẹ wá wo ẹrù tí wọ́n gbé lé wa lórí: oore-ọ̀fẹ́, ìràpadà, ìdáláre. Èwo ni ọwọ́ lè bà níbẹ̀?

Díẹ̀ nìyí nínú ohun tí àwọn ọmọ ti bi mí. Bí Jésù bá ń gbé inú ọkàn mi, tí mo bá ń sáré, ṣé kì í ṣubú? Ẹ̀jẹ̀ Jésù ń wẹni mọ́, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ imú mi fi ba aṣọ mi jẹ́? Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run, níbo ni ìyá rẹ̀ wà? Wọn kì í ṣe àwàdà. Ojú wọn le koko nígbà tí wọ́n ń bi mí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti “Ọlọ́run ń wò ẹ́ o!” Gbólóhùn yẹn ni mo fi ń pa ariwo kíláàsì, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí idán. Àfìgbà tí ìyá kan wá bi mí pé kí ni mo sọ fún ọmọ òun, tó fi kọ̀ láti bọ́ aṣọ wẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti fi Ọlọ́run ṣe pàṣán mọ́. Bí kíláàsì bá ń pariwo, iṣẹ́ èmi tíṣà ni kí n mú un dákẹ́.

Èdè wa náà ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Mo ní kí wọ́n ya àwòrán Àdúrà Olúwa nígbà kan. Ọmọbìnrin kan ya oòrùn ràbàtà, ó ya bàbá onírùngbọ̀n kan sí àárín rẹ̀, iná yí i ká, bàbá náà sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ta nìyí? Ó ní, “Baba wa tí ń bẹ ní oòrùn.” Orin la fi kọ́ wọn ní àdúrà náà, ohùn orin sì ti gbé ohùn ọ̀rọ̀ mì. Ọ̀run, ọrùn, oòrùn: nínú orin tí kò bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, wọ́n lè di ọ̀kan náà létí. Àgbà á mú èyí tó yẹ nítorí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ọmọdé kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ohun tó gbọ́ náà ló gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó kọ ọ́ lórin, kí ẹ sì máa bi wọ́n léèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Nínú Sáàmù 23, “èmi kì yóò ṣe aláìní,” mo béèrè pé kí ni aláìní? Ọmọkùnrin kan ní bàbá ọ̀rẹ́ òun ni. Àlàní ni wọ́n ń pe bàbá náà.

Àmọ́ ibi tí mo ti ṣubú jù ni Mẹ́talọ́kan, ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Mo kọ́kọ́ lo ẹyin: èèpo, funfun, pupa. Ọmọ kan ní kí ló dé tí a fi ń da èèpo Ọlọ́run nù. Mo sá lọ síbi omi, yìnyín àti ooru. Lẹ́yìn náà mo rí èyí tó dùn mọ́ mi jù: pé ọkùnrin kan ṣoṣo lè jẹ́ bàbá nílé, kó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, kó sì jẹ́ àbúrò lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi lò ó, títí ọmọ ọdún 8 kan fi nawọ́ sókè: “Nígbà tí Jésù ń gbàdúrà nínú ọgbà, ṣé ara rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀?”

Ọmọ yẹn kò gbọ́ orúkọ Sabellius rí. Síbẹ̀ ihò tó fi ìka tọ́ ni ihò tí ìjọ àtijọ́ rí nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pe mọ́ ọkùnrin yẹn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta: bí Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ bá kàn jẹ́ orúkọ mẹ́ta tí ẹnì kan ń jẹ́, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tí Jésù ń gbàdúrà sí. Ibẹ̀ náà ni omi àti yìnyín ń gbé wa lọ. Ti ẹyin gba ọ̀nà òdìkejì: èèpo kì í ṣe odindi ẹyin, Kristẹni kò sì sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta Ọlọ́run ni Jésù. Láti ìpàdé Nicaea ní 325 dé ti Constantinople ní 381, ọdún 56 gbáko, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi wá fẹ́ fi ẹyin kan parí rẹ̀ kí aago tó lù.

Ní báyìí, ìtàn ni mo ń sọ. Ìrìbọmi Jésù, Máàkù orí 1: Ọmọ ń jáde látinú omi, Ẹ̀mí ń sọ̀ kalẹ̀ bí àdàbà, ohùn Baba ń bọ̀ látòkè. Wọ́n á yà á. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sọ pé Ọlọ́run kan ni àwọn Kristẹni ń sìn, kì í ṣe mẹ́ta, Mẹ́talọ́kan sì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní, “Báwo?” Mo máa ń dáhùn pé àwọn àgbà náà ṣì ń rò ó. Wọ́n fẹ́ràn ìdáhùn yẹn ju ẹyin lọ. “Ta ló dá Ọlọ́run?” náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é: Kristẹni gbà pé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, orí tèmi náà kò gbé e tán.

Nǹkan mìíràn tó ń pa ẹ̀kọ́ yìí ni pé ó ti sú ẹni tó ń kọ́ni. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 400, díákónì kan ní Carthage tó ń jẹ́ Deogratias ráhùn sí Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, pé ọ̀rọ̀ òun ń sú òun fúnra òun bí òun ṣe ń kọ́ àwọn ẹni tuntun. Nínú èsì Augustine, ó fi í wé mímú àlejò kiri ìlú tó lẹ́wà: ibi tí a ti ń kọjá lójoojúmọ́ láìwò ó á di tuntun lójú wa nítorí ojú àlejò. Mo gbà á gbọ́, nítorí ọmọ ló jẹ́ kí n tún Mátíù orí 2 kà. Ó ní kí n pe orúkọ àwọn amòye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣí i níwájú wọn, mo wá a títí. Kò sí orúkọ, kò tiẹ̀ sí “mẹ́ta.” Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta: wúrà, tùràrí àti òjíá. Inú ilé sì ni wọ́n ti bá Jésù, kì í ṣe ibùjẹ ẹran. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso Jẹ́nẹ́sísì orí 3 kò ní orúkọ, ẹnu wa ló sọ ọ́ di ápù. Ẹ máa ka ibi tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó ti wù kó dá yín lójú tó.

Àwọn ìtàn kan wà tí mi ò tíì ń sọ fún àwọn kékeré. Jẹ́nẹ́sísì orí 22 ni àkọ́kọ́, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí Ábúráhámù fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Àgbà ń gbọ́ ìgbọràn Ábúráhámù níbẹ̀. Ọmọ ọdún 6 ń rí ọ̀bẹ, ó sì ń ronú bàbá tirẹ̀. Mo máa ń fi í sílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá tó bí ọdún 10, kí wọ́n lè bá mi bínú sí i kí a sì jọ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kíákíá: kíláàsì kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe Kristẹni lè wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí lè wà níbẹ̀. Ọ̀kan sọ fún mi pé, “Nílé wa, Ànábì Ísà la ń pè é.” Mo fẹ́ẹ́ sọ pé kó dákẹ́. Inú mi dùn pé mi ò sọ ọ́, nítorí ìgbà tí mo ní kó sọ ohun tó mọ̀, ó sọ fún wa pé Màríà ní odindi Súrà kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè nínú Kùránì, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ láti gbọ́. “Àwọn Kristẹni gbà gbọ́ pé” ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn mi látìgbà náà. Bí ọmọ bá bi mí pé èmi ńkọ́, mo máa ń sọ pé èmi náà gbà á gbọ́. Mi ò fi pamọ́, mi ò sì béèrè pé kí wọ́n wí tẹ̀lé mi.

Kí wá ni a lè kọ́ wọn tó máa bá ọjọ́ orí wọn mu? Sofia Cavalletti, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní Róòmù ní 1954, rí i pé olùṣọ́-àgùntàn rere ni àwọn kékeré máa ń rọ̀ mọ́ jù. Èmi náà ti rí i. Àgùntàn ṣeé gbẹ́, ó ṣeé kà, ó ṣeé sọnù, ó ṣeé wá rí. Nínú Lúùkù orí 15, 99 ló kù, ọ̀kan ló sọnù. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá sọ ọ́ tán, mo máa ń bọ́ síbi pé “ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé…” Ní báyìí mo máa ń béèrè ohun tí èmi alára kò ní ìdáhùn sí. Kí lẹ rò pé àwọn 99 ń ṣe nígbà tí olùṣọ́ wọn lọ? Ọmọ kan ní wọ́n ń gbàdúrà. Ọ̀kan ní wọ́n ń jẹ koríko lọ ní tiwọn. Ọmọ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbúrò fún ní, “Inú ń bí wọn.” Mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Bí ẹ bá ka orí náà dé ìsàlẹ̀, ẹ ó bá ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀ tí inú ń bí.

Ọmọ tó béèrè bóyá Ọlọ́run á wá mú òun lọ ńkọ́? Mo jókòó ti òun àti èkejì rẹ̀, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Màmá àgbà ti darúgbó, ara wọn kò gbé e mọ́, wọ́n kú. Àwọn Kristẹni gbà gbọ́ pé Ọlọ́run ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Mo tún sọ fún èyí tí ìyá àgbà rẹ̀ kú pé kò yẹ kí n ní kó má sunkún. Mo ka Jòhánù orí 11 fún un, níbi tí Jésù ti sọkún níbi ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lásárù, tó sì jẹ́ pé ó máa tó jí i dìde. Ó bi mí pé ṣé ó sunkún pariwo ni àbí jẹ́jẹ́. Mo ní Bíbélì kò sọ. Ó ní òun rò pé ó pariwo.

Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ní sáà yìí, ẹ gbìyànjú Jónà. Orí mẹ́rin péré ni. Ẹja ńlá yẹn á gbà yín ní ọjọ́ kan, ẹ má jẹ́ kó gba gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ bá wọn dé òpin, níbi tí Jónà ti jókòó nínú ooru tí inú ń bí i nítorí pé Nínéfè kò parun, tí Ọlọ́run sì bi í pé ṣé kò yẹ kí òun ṣàánú ìlú tí ó ju 120,000 ènìyàn lọ wà nínú rẹ̀, àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀. Ìwé náà parí sórí ìbéèrè yẹn. Mo máa ń pa Bíbélì dé níbẹ̀. Wọ́n á pariwo pé, “Kí wá ni Jónà sọ?” Mo máa ń fi ojú ìwé náà hàn wọ́n pé kò sí nǹkan mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọdún tó kọjá, wọ́n ṣì ń jà sí i nígbà tí wọ́n ń to ìlà láti lọ sílé: àwọn kan ní ó bẹ̀bẹ̀, àwọn kan ní ó kàn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ọ̀kan sì ní ó ti sùn lọ.