Igi ni wọ́n la ọ̀nà agbégilódò fún

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ti Òṣogbo lọ gun òkè, oṣù yìí ni ó pé ọdún 10 tí mo ti ń ṣáájú àwọn ènìyàn wọ igbó orí òkè. N kò ní í lọ́kàn láti kọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Sátidé tó kọjá mo pàdé mẹ́rin nínú yín ní gáréèjì, ẹ ń lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ sì sọ fún mi pé ẹ kò ní gba ọ̀nà Olúmirìn, omi tó ń já láti orí òkè, tí gbogbo ayé ń gbà, pé ẹnìkan ti júwe ojú ọ̀nà agbégilódò àtijọ́ kan fún yín. Ọkàn mi kò balẹ̀ títí ẹ fi dé.

N kò ní sọ̀rọ̀ bàtà, omi àti tọ́ọ̀ṣì, nítorí ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ. Èkíní ni pé igi ni wọ́n la ọ̀nà agbégilódò fún. Àwọn agẹdú kò wá abúlé lọ. Ìdí ìrókò, arère àti ọ̀gànwó ni wọ́n ń tọ̀, ibi tí igi bá sì tán sí ni ọ̀nà náà tán sí. Nítorí pé oòrùn ń ráyè wọlé síbẹ̀, ewé Akíntọ́lá a bò ó kíákíá. Èkejì ni pé ọ̀nà ọdẹ lè mú yín dé ìdí tàkúté, nítorí náà ẹ má ṣe tọ̀ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ará oko.

Ẹ̀kẹta ni ó dùn mí jù. Inú Igbó Ọ̀ṣun nílé níbí ni mo ti kọ́ ìrìn igbó, èyí tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣìnà níbẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi kan odò tàbí ìlú. Mo rò pé gbogbo igbó ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa júwe ọ̀nà agbégilódò kan lẹ́yìn òkè Ẹ̀rìn fún mi, mo sì kó ènìyàn méje lẹ́yìn nígbà ọyẹ́. Ní àlọ, a kò rí oríta kankan. Nígbà tí a ń bọ̀, oríta kan dúró gbọnrangandan níwájú wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bákan náà, ewé Akíntọ́lá sì bo méjèèjì. Ṣé ẹ rí i, ọ̀nà kejì yẹn ti ẹ̀yìn wa wá ní ọwọ́ ọ̀tún, ó sì wọ inú tiwa bí odò kékeré ṣe ń wọ odò ńlá. Ẹni tó ń gòkè, iwájú ló ń wò, nítorí náà a ti kọjá rẹ̀ láìmọ̀.

Mo ní kí a gba ọwọ́ òsì. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wa sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, òkúta funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí a gbà wá, n kò sì rí i níbí.” Mo ní kó dákẹ́. A rìn títí ọ̀nà fi tán lẹ́bàá kùkùté igi kan, pẹ̀lú ìtì igi méjì tó ti jẹrà. Aago mẹ́fà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Lábẹ́ igi, ilẹ̀ a máa ṣú kí oòrùn tó wọ̀ pátápátá. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin sì fẹsẹ̀ rọ́, a ń gbé e títí a fi rí iná nínú ahéré bàbá olóko kòkó kan, níbi tí ilẹ̀ ti mọ́ bá wa.

Ní òwúrọ̀, bàbá náà mú wa padà sí oríta. Òkúta funfun wà ní ọwọ́ ọ̀tún, kò jìnnà rárá. Ó wojú mi, ó ní, “Ẹ ò já ewé sí oríta ni?” Ó ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, ó fi dábùú ọ̀nà òsì. N kò rí èsì fọ̀.

Nígbà tí a délé, àgbà tó júwe ọ̀nà dìde nínú ìpàdé, ó ní olórí kunkun ni mí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun kò tẹ ọ̀nà náà mọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣì ń dùn mí di òní. Nítorí náà, ẹni yòówù kó júwe ọ̀nà fún yín, ẹ bi í pé òjò ọdún mélòó ló ti rọ̀ sórí rẹ̀ láti ìgbà tó ti gbà á gbẹ̀yìn.

Ọmọbìnrin yẹn kì í gbà kí ẹlòmíràn rìn lẹ́yìn mọ́. Òun ló ń kẹ́yìn wa, ó máa ń yí padà wo ibi tí a ti ń bọ̀, ó sì máa ń já ewé sí gbogbo oríta. Bí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbà kí a jọ lọ ní Sátidé tó ń bọ̀, aago 7 òwúrọ̀ ni èmi àti òun yóò ti wà ní gáréèjì.