Bí Pi ṣe ń rán gcc níṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà x86 ń jẹ́ ẹ fún un

Nígbà tí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo CPU ARM) bá ń fi distcc, ètò tó ń pín iṣẹ́ kọ́mpáìlì fún ẹ̀rọ mìíràn, rán iṣẹ́ gcc (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí CPU lè ṣe) sí kọ̀ǹpútà x86 (èyí tó ń lo CPU Intel tàbí AMD), àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù kì í tètè yọjú. Gbogbo fáìlì á kọ́mpáìlì wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tó bá kan síso wọn pọ̀ ni ẹ óò rí "file in wrong format". Ẹ má tíì fọwọ́ kan Makefile (fáìlì tí ètò make ń tẹ̀ lé). Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn fáìlì .o tí gcc ti kọ́mpáìlì, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

LC_ALL=C readelf -h main.o | grep Machine

LC_ALL=C yẹn, tó ń mú kí ìdáhùn jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣe pàtàkì fún àwa tó wà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin. Èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà wa ń sọ, ó sì ṣòro láti wá ojútùú sí àṣìṣe tí ẹlòmíì ti kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ "Advanced Micro Devices X86-64" dípò "AArch64" (ARM 64-bit ti Pi), ẹ ti rí ibi tó ti bàjẹ́. Orúkọ tí Pi bá pè gcc ni kọ̀ǹpútà kejì máa pè é. Ó gbọ́ "gcc", ó pe gcc tirẹ̀, x86 nìyẹn sì mọ̀. Distcc tó ti 3.3 lọ máa ń gbìyànjú láti fi orúkọ kíkún rọ́pò rẹ̀, àmọ́ èmi kì í gbára lé e. Ẹ pe orúkọ kíkún fúnra yín, ìyẹn aarch64-linux-gnu-gcc.

Lórí x86 tó ń lo Debian:

apt install distcc gcc-aarch64-linux-gnu g++-aarch64-linux-gnu
update-distcc-symlinks

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú /usr/lib/distcc. Bí aarch64-linux-gnu-gcc kò bá sí níbẹ̀, distccd, apá distcc tó ń gba iṣẹ́ lórí x86, kò ní gbà á. Nínú /etc/default/distcc, ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì kọ̀ǹpútà náà sí LISTENER, nítorí 127.0.0.1 ló wà níbẹ̀ láti ilẹ̀, ẹ̀rọ mìíràn kò sì lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé yín sí ALLOWEDNETS, kí ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 3632, kí ẹ sì tún distcc bẹ̀rẹ̀.

Lórí Pi, tó gbọ́dọ̀ jẹ́ 64-bit (ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì x86 yín rọ́pò 192.168.1.20; -j ni iye iṣẹ́ tí make ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà):

export DISTCC_HOSTS="192.168.1.20/8,lzo"
make -j10 CC="distcc aarch64-linux-gnu-gcc" CXX="distcc aarch64-linux-gnu-g++"

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí gcc --version bá fi hàn gbọ́dọ̀ dọ́gba lápá méjèèjì: 12 pẹ̀lú 12.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù ni pé bí iṣẹ́ kò bá lè lọ, distcc á kàn kọ ìkìlọ̀ kan tó rọrùn láti fojú fò, á sì ṣe é lórí Pi fúnra rẹ̀. Ẹ óò rò pé ó ń lọ ni. Nígbà ìwádìí, ẹ fi DISTCC_FALLBACK=0 àti DISTCC_VERBOSE=1 síwájú make, ohun tó ń kọ̀ á sì hàn. Bí -march=native bá wà nínú CFLAGS (àwọn àṣàyàn tí a ń fún gcc), kò sí fáìlì kankan tó máa kúrò nílé; ẹ kọ orúkọ CPU náà gan-an, bíi -mcpu=cortex-a72 fún Pi 4.

Bí iná bá lọ níbi tí x86 wà, gbogbo ẹrù á padà sórí Pi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn ni "Killed signal terminated program cc1plus" máa ń jáde: mẹ́mọ́rì ti tán, kóòdù yín kò ní àbùkù. Ẹ dín -j kù sí 2, kí ẹ máa ṣe é lọ. Bí iná bá dé, 60 ìṣẹ́jú-àáyá ni distcc fi máa ń yẹra fún kọ̀ǹpútà tó já a kulẹ̀ kó tó tún dán an wò.