Ẹ bá mi dúpẹ́: ẹ̀sùn tí mi ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀ nítorí mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó ránṣẹ́ sí ìyàwó mi láìjẹ́ kó mọ ibi tó ti wá, ẹ̀yin tẹ́ ò bá wọn pè mí lólè ládùúgbò nígbà tí gbogbo ẹnu ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣeun. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ n'Íbàdàn, agbẹjọ́rò ìjọba dìde, ó ní ìjọba ti fa ẹ̀sùn jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi kàn mí sẹ́yìn. Adájọ́ wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ sílé. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi retí gbólóhùn yẹn. Nígbà tó dé, ohùn mi di. Ìyá mi ló kígbe "Olúwa, o ṣeun!" nínú kóòtù, tí akọ̀wé fi ní kí wọ́n bá wọn mú màmá dákẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín, apá kan ọ̀rọ̀ yìí lẹ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Sángo, lọ́nà Pólì. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tẹ projẹ́ẹ̀tì, tí àwọn tó fẹ́ ṣe JAMB ti ń tẹ sílíìpù, tí oníkọńtíráàtì ti ń tẹ ìwé owó rẹ̀. Mo fi ọ̀dà pupa kọ ímeèlì mi sára ògiri, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ tẹ̀ lè fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Láptọ́ọ̀pù kan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Mi kì í sì í pa á lálẹ́, torí dátà òru ló dínwó. Màá fi í sílẹ̀ lórí bátìrì pẹ̀lú MiFi, á máa dáúnlóòdù di ìdájí.

Ní bí ọdún kan kí wàhálà yìí tó dé, mo nílò sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pósítà ìsìnkú. Owó ojúlówó rẹ̀ ju agbára mi lọ. Oníbàárà kan fi fíláàṣì gbé èyí tí wọ́n ti kíráàkì, ìyẹn tí wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀ kó lè ṣiṣẹ́ láìsanwó, wá fún mi. Ìwé kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà, kí n tó ṣí i. Mo pa á. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín: ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé. Aago mẹ́wàá ò tíì lù. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, kò sí aṣọ ọlọ́pàá lọ́rùn wọn. Ọ̀kan nawọ́ sí ògiri, ó ní, "Ta ló ni ímeèlì yẹn?" Oníbàárà ni mo pè é. Mo fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé, "Èmi ni, sà." Kí n tó gbẹ́nu kúrò níbẹ̀, ó ti di ṣòkòtò mi mú níbàdí, ó fà á sókè títí mo fi ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Kí a tó dé ìdí ọkọ̀, èrò ti pé. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó máa ń wá gba ìwé àwìn lọ́wọ́ mi, ó ní, "Mo ti fura sí i tipẹ́. Yahoo ni."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó yé èmi alára. Oníkọńtíráàtì kan tó ń tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi ní owó kan tí iléeṣẹ́ kan l'Ékòó jẹ ẹ́. Ẹnì kan wọ ímeèlì rẹ̀ lóru, ó mú ìwé owó náà, ó pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ yẹn. Wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 700 náírà sínú àkáǹtì ẹni tí a ò mọ̀ rí. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ti gba owó ọ̀hún tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi wọlé já sí MiFi mi. Ìwé owó tí wọ́n ti yí padà sì wà nínú láptọ́ọ̀pù mi. Tí èmi ni ọlọ́pàá ọ̀hún, èmi náà ì bá wá sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dé ibẹ̀ ni mi ò lè gbà.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún lóru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú Àbámẹ́ta ni wọ́n fi ímeèlì náà ránṣẹ́. Lákòókò yẹn, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ ibi tí mo wà. Ìṣọ́ òru la wà, èmi ni mo ń lu gángan. Fídíò ẹ̀ wà lórí fóònù àwọn tó ju ogún lọ. Mo sọ fún wọn. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ṣé mi ò ní fóònù lápò ni. Kò bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù mi sórí tábìlì, wọ́n tàn án, wọ́n ń ṣí fáìlì tó wù wọ́n, ẹni tó bá ti kọjá á tẹ nǹkan kan lórí ẹ̀. Lọ́yà ló wá là mí lóye lẹ́yìn náà pé bí wọ́n ṣe ń tàn án tí wọ́n ń pa á yẹn, ẹ̀rí ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni ọjọ́ àti aago ara fáìlì lè yí padà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní téṣàn. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 35, sọ pé tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé ẹni tí wọ́n mú dé iwájú adájọ́. Kóòtù tó sún mọ́ wa, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Mi ò mọ òfin yẹn nígbà náà. Ìyàwó mi, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ló ń gbé oúnjẹ wá lójoojúmọ́, á sì san owó kí abọ́ ìrẹsì tó lè kọjá káńtà.

Ọjọ́ kẹta ni ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀, ọwọ́ mi ló sì ṣe é. Mi ò tíì sọ ọ́ níwájú ìjọ rí. Wọ́n pè mí jáde ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ọlọ́pàá náà ti ìwé sítétímẹ́ǹtì síwájú mi, ó fún mi ní báírò kan tí ẹnì kan ti fi eyín jẹ ìdí ẹ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ pé mo mọ̀ nípa owó náà. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣebí orúkọ ìyàwó mi náà wà lára ìwé ṣọ́ọ̀bù, òun á lọ gbé e wá lówùúrọ̀, ká wo bí aboyún ṣe ń sùn lórí símẹ́ńtì. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n ẹni. Ó ní tí mo bá kọ ọ́, màá sùn nílé lálẹ́ yẹn. Mo mú báírò náà. Òun ló ń pe Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, èmi ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ tí mi ò lò rí láyé mi, òun ló pe sípẹ́lì rẹ̀ fún mi. Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n dá mi padà sí sẹ́ẹ̀lì.

Fún oṣù tó pọ̀, tí mo bá fẹ́ gbàdúrà, ọwọ́ tí mo fi fọwọ́ síwèé yẹn ni mo máa ń rí. Mo ń bi ara mi pé irú èèyàn wo ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe.

Lọ́yà tí Ọlọ́run fi rán sí mi, obìnrin kan tó ti Legal Aid wá, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ fún àwọn tí kò lówó lọ́yà, ló dá mi lóhùn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti bá mi, torí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí béèlì mi tó pé. (Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ìyàwó mi bí. Wọ́dà kan tó láàánú gbé fóònù rẹ̀ sí mi létí, mo gbọ́ igbe ọmọ mi fún bí ìṣẹ́jú kan. Kí Ọlọ́run bá mi san án fún ọkùnrin yẹn.) Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà bi mí ni pé, "Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọ sítétímẹ́ǹtì yẹn, ta ló jókòó tì yín?" Mo ní kò sẹ́nì kankan. Ó ní ṣé wọ́n ya fídíò ẹ̀? Mo ní rárá. Ó fàlà sídìí ohun tó kọ. Ó ní òfin ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 ti sọ̀rọ̀ lórí méjèèjì. Ó wá tẹjú mọ́ mi, ó ní kì í ṣe èmi ni àkọ́kọ́.

Ó ní ní ọdún 2012, ní ilẹ̀ Japan, ìhàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n fẹ́ pa èèyàn ní Osaka, pé bọ́ǹbù wà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ọlọ́pàá tọ àdírẹ́sì dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́rin kan, wọ́n kó wọn. Lọ́hùn-ún, wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé fún ọjọ́ 23 kí wọ́n tó fẹ̀sùn kàn án. Méjì nínú àwọn mẹ́rin yẹn jẹ́wọ́. Àṣé ẹlòmíì ló ń lo kọ̀ǹpútà wọn láti òkèèrè. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni oníṣẹ́ ibi náà fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí lọ́yà kan àti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó ṣàlàyé bí òun ṣe ṣe é. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àlọ́ tó pa fún wọn mú wọn dé erékùṣù Enoshima, wọ́n bá ológbò kan níbẹ̀ tí wọ́n so káàdì mẹ́mórì mọ́ lọ́rùn. Oṣù kejì ni wọ́n mú Yusuke Katayama. Ó kọ́kọ́ ní òun kọ́, kí àṣírí rẹ̀ tó tú ní 2014. Ní 2015, kóòtù ní Tokyo rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Àwọn ọlọ́pàá sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ̀yin ará mi, mo sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe nítorí ológbò tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ. Nítorí àwọn méjì tó jẹ́wọ́ ni. Mi ò mọ èdè wọn, mi ò mọ ojú wọn, ṣùgbọ́n mo mọ báírò tí wọ́n fi kọ ọ́.

Lọ́yà mi bẹ kóòtù pé kí wọ́n yẹ díìsìkì láptọ́ọ̀pù náà wò bó ṣe yẹ. Ó ní Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 84, bèèrè pé kí kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rí ti jáde wá máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ lákòókò ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹ̀rọ tó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì máa darí, ta ló lè búra pé ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ? Fáìlì mi kúrò lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́, ó bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí mi kì í gbàdúrà fún un. Kò bú mi, kò pè mí lọ́mọ Yahoo, kò sì bá mi kẹ́dùn. Ó ṣe ẹ̀dà díìsìkì náà látòkè délẹ̀, ẹ̀dà yẹn ló yẹ̀ wò, kò fọwọ́ kan ojúlówó. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí láti ìgbà tí wọ́n ti di ṣòkòtò mi mú: "Sọ́fítíwíà káàdì yìí, ta ló fún ẹ?"

Ọjọ́ tó pè wá, ó yí ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sọ́dọ̀ èmi àti lọ́yà, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ètò kan fara pamọ́ níbẹ̀ tó jẹ́ orúkọ tó jọ ti Windows. Ìṣẹ́jú tí mo ṣí kíráàkì yẹn ló wọlé. Tí mo bá ti tan láptọ́ọ̀pù ni òun náà ń jí. Ó ń kọ gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì kan: PIN mi wà níbẹ̀, password oníkọńtíráàtì yẹn wà níbẹ̀, láti ọjọ́ tó ṣí ímeèlì rẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù mi. Lóru ọjọ́ tí mo ń lu gángan, ẹnì kan wọlé láti ìta ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn ni ímeèlì lọ. Mo wo ìlà yẹn títí ojú mi fi ń ro mí. Ibẹ̀ ni mo ti gbà, nínú ara mi, pé èmi kọ́.

Ẹni tó jí owó náà ṣì wà níta. Oníkọńtíráàtì yẹn wá sílé mi, ó jókòó, a jọ wo ilẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mi ò bá a jà, wọ́n ja òun náà lólè. Àwọn tó mú mi kọ sítétímẹ́ǹtì, mo ti dárí jì wọ́n, mo sì ti kọ̀wé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá wọn. Mi ò rí i pé ọ̀kan dí èkejì lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin méjì wà tí mo fi sílẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì. Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn lọ́nà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú wọn, irú ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tìtorí rẹ̀ tú jáde sígboro ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Mi ò mọ ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù wọn. Kò sẹ́ni tó tíì wò ó. Mo ti fún lọ́yà mi ní orúkọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sínú àdúrà yín.

Wọ́n ti dá láptọ́ọ̀pù mi padà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn lára rẹ̀. Mi ò tíì ṣí i. Mo ti kun ògiri ṣọ́ọ̀bù ní funfun. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìwàásù, ni ìdúpẹ́ wa. Ìyá mi ti ra aṣọ, ìyàwó mi á gbé ọmọ jáde, lọ́yà ní òun á gbìyànjú kí òun wá. Ẹ má rọ ẹlòmíì sí ìdí ìlù lọ́jọ́ náà o. Èmi ni màá lu gángan.