Iyanrìn ni ọ̀tá ojú POS: àkọsílẹ̀ iṣẹ́, láti orí páálí dé inú àpò

Ẹ̀rọ POS kan tó ń jókòó lábẹ́ agbòòrùn ní Ojúẹlẹ́gba láti àárọ̀ dalẹ́ ni iṣẹ́ yìí dá lé. Android ni, ojú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 5.5, ìka ni wọ́n sì fi ń tẹ nọ́ńbà lójú rẹ̀. Sikirín gáàdì tí wọ́n gé fún irú rẹ̀ gan-an kò sí lọ́jà. Ti fóònù onínṣì 5.5 kún Computer Village n'Ìkẹjà, ṣùgbọ́n kò bá a mu: wọ́n ti gé ihò ibi tí à ń gbé etí sí lókè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú POS rì sínú férémù bíi gíláàsì fèrèsé. Gíláàsì tó bá ti gun orí férémù yẹn, afẹ́fẹ́ ló máa wà lábẹ́ rẹ̀ títí ayé, ìka ò sì ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rá la máa gé fúnra wa.

Ọjọ́ kìíní: ta ló ń họ ọ́?

Ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí tọ́ọ̀ṣì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn sórí tábìlì. Iná tó bá wá láti òkè kì í tú àṣírí. Èyí tó wá láti ẹ̀gbẹ́ ló ń mú kí gbogbo ìhọ yọ bí òwú aláǹtakùn. Lójú ẹ̀rọ yìí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n pọ̀ sí, wọ́n sì tẹ̀ kọdọrọ, gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà. Kọ́kọ́rọ́ kì í họ nǹkan báyẹn. Ọwọ́ tó ń nu nǹkan ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Aṣọ gbígbẹ tí wọ́n fi ń nu eruku ló ṣe é.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lórí òṣùwọ̀n líle tí Friedrich Mohs ṣe ní 1812, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 10, èékánná wà ní nǹkan bíi 2.5, kọ́kọ́rọ́ onídẹ ní nǹkan bíi 3, gíláàsì láàárín 5.5 sí 6.5. Iyanrìn wà ní 7, nítorí quartz, òkúta líle kan, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun tó le ló ń họ ohun tó rọ̀ jù ú lọ. Nítorí náà kọ́kọ́rọ́ lásán kò lè họ gíláàsì, hóró iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ ọn ló ń ṣiṣẹ́ ibi. Ní Èkó tí típà ń da iyanrìn sílẹ̀ káàkiri, tí ọyẹ́ sì tún ń kó eruku Sàhárà wá láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé, kò sí ojú ẹ̀rọ tí hóró yẹn kì í bà lé.

Ọ̀rọ̀ 9H tí wọ́n máa ń kọ sára gáàdì rèé o. Bí ẹni tó ń tà á bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, 9H lèyí, òkúta ò ràn án," ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ sanwó yín. Líle pẹ́ńsù ni 9H: pẹ́ńsù tó le gan-an ni, tí wọ́n fi ń dán ojú nǹkan wò bóyá á họ. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú 9 ti Mohs. Iyanrìn á họ gíláàsì 9H bó ṣe ń họ ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ gáàdì ni pé kí ó gba ìhọ náà ní ipò ojú ẹ̀rọ, kí a sì jù ú nù tó bá yá.

Ọjọ́ kejì: páálí, abẹ, àti ẹyọ kan tó bàjẹ́

A fi rúlà irin wọn inú férémù níbi mẹ́ta, torí rọ́bà tí wọ́n fi móòdù ṣe kì í gún délẹ̀délẹ̀. Fífẹ̀ òkè jẹ́ mìlímítà 71, ti ìsàlẹ̀ 70.5. Èyí tó kéré la mú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 125. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan a yọ mìlímítà kan, ìdajì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó wá di 69.5 sí 124. Àlàfo kékeré yẹn ṣe pàtàkì: ọ̀rá tó bá kan ògiri férémù á gùn ún, etí rẹ̀ á dìde, eruku á sì wọlé.

Páálí bisikíìtì la kọ́kọ́ gé sí ìwọ̀n yìí. Ẹ jẹ́ kó já bọ́ sínú férémù fúnra rẹ̀, kí ó sì mì díẹ̀ tí ẹ bá gbọn ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ní láti tì í wọlé, ó ti tóbi jù nìyẹn, ẹ tún un gé. Páálí kò wọ́n.

Ọ̀rá PET (irú ike tínrín kan) tí wọ́n ń tà fún tábúlẹ́ẹ̀tì la rà, èyí tí kò lu ihò kankan, tí kò nípọn ju mìlímítà 0.2 lọ. Èyí tí ojú rẹ̀ kò dán la mú, nítorí oòrùn: ti dídán á di dígí lábẹ́ agbòòrùn, oníbàárà á máa rí ojú ara rẹ̀ dípò iye owó. Ohun tí ẹ máa fi san án ni pé lẹ́tà kéékèèké á dà bíi pé iyọ̀ fọ́n sí i lára. Fún POS, kò burú. Fún fóònù tí ẹ fi ń wo àwòrán, dídán ni kí ẹ rà. Ọ̀rá tó gùn ní mìlímítà 220, tó fẹ̀ ní 140, á fún yín ní ẹyọ mẹ́ta.

Ẹyọ àkọ́kọ́ bàjẹ́. Réésà tí wọ́n ti lò la fi gé e, ẹ̀ẹ̀mejì la sì fà á kí ó tó já. Etí rẹ̀ dìde, ó funfun bí ìpẹ́ ẹja. Abẹ tó kú kì í gé ọ̀rá, ṣe ló ń tì í síwájú. Ẹyọ kejì, abẹ tuntun, rúlà irin, ọwọ́ kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó wà lẹ́yìn àti èyí tó wà lójú rẹ̀ lápapọ̀. Ìgékánná la fi gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n lè rí roboto. Igun ṣóńṣó ló máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ọjọ́ kẹta: lílẹ̀ ẹ́

Ẹ má tú síkúrúù kankan lára ẹ̀rọ náà torí pé ẹ fẹ́ nu abẹ́ férémù. POS ní ohun tó ń ṣọ́ inú rẹ̀. Tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ṣí òun, á pa àwọn àṣírí tó fi ń dáàbò bo káàdì rẹ́, kò sì ní gba káàdì mọ́ títí wọ́n á fi dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín.

Balùwẹ̀ la ti ṣe é. Bókéètì omi gbígbóná, ilẹ̀kùn títì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ooru omi á fa eruku afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbé bókéètì jáde. Fáànù kò gbọdọ̀ yí (ọjọ́ tí wọ́n bá mú iná lọ gan-an ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù). A pa ẹ̀rọ náà, a yọ ọ́ lára ṣájà.

Nínù rẹ̀ ní ètò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń pa ojú ẹ̀rọ lára. Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé: rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun imú ọmọ ìkókó, tuntun láti kẹ́mísìtì, la fi fẹ́ ẹ nígbà tí ojú ẹ̀rọ dorí kodò, kí hóró lè já bọ́. Lẹ́yìn náà ni aṣọ tó lọ́rinrin, ẹ gbé e lé e kí ẹ gbé e kúrò, ẹ má fà á. Ìgbà yẹn ni ọtí isopropyl 70% (ti ìnu nǹkan, kì í ṣe ti mímu) tó wọ aṣọ náà, kì í ṣe pé kí ẹ dà á sójú ẹ̀rọ. Níkẹyìn, aṣọ ìnu awò gbígbẹ. Tínà àti pẹtiróòlù kò sí níbẹ̀ rárá, wọ́n á jẹ férémù.

Fún títọ́, a gbé ọ̀rá náà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, a fi sẹ́lótéèpù méjì so ó mọ́ férémù lápá òsì. Ó ti di ìwé tó ń ṣí tó ń pa nìyẹn. A ṣí i, a bó ìwé ẹ̀yìn rẹ̀ ní sẹ̀ntímítà méjì, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a wá ń fa ìyókù ìwé náà díẹ̀díẹ̀ bí káàdì ATM tó ti kú, tí a fi aṣọ wé, ṣe ń tì í lẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Hóró eruku mẹ́ta ló há sábẹ́ rẹ̀ lápá òsì. Ẹ mọ ìyàtọ̀: afẹ́fẹ́ lásán á sá tí ẹ bá tì í, kéékèèké rẹ̀ tó kù á sì pòórá láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tí eruku wà nínú rẹ̀ á padà síbi tó wà, ẹ ó sì rí àmì kékeré láàárín rẹ̀ bí ojú ẹja. Títẹ̀ kò lè lé e. A fi sẹ́lótéèpù gbé ọ̀rá sókè, a fi òmíràn fa eruku kúrò lójú gíláàsì, a sì fà á kúrò nínú ọ̀rá. Òwú aṣọ tún wọ ibẹ̀. Gọ́ọ̀mù irú ọ̀rá yìí jẹ́ sílíkóònù, omi kì í bà á jẹ́: a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tó mọ́ àti ẹ̀kán ọṣẹ ìfọwo kan, a fi ìgékù sẹ́lótéèpù gbé e kọ́ títí ó fi gbẹ, láìnù ún. Ìgbà kejì ló wọlé dáadáa.

Ìdánwò: a tẹ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 9 ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí èyí tó ṣì. Bí tiyín bá ń ṣì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gáàdì àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ tuntun.

Ọ̀sẹ̀ kejì: àpò

Inú báàgì ni iyanrìn ń gbé, pẹ̀lú àgádágodo. A rán àpò kan tí a fi àrán tẹ́ inú rẹ̀, torí pé ó rọ̀. Àṣìṣe ni. Irun àrán ń mú iyanrìn mọ́ra. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà tí a yí i síta tí a gbọ̀n ọ́n sórí ìwé funfun, hóró bọ́ síbẹ̀ tó ṣeé kà. Aṣọ rírọ̀ ti di sáńdípépà. A tú u, a fi àǹkárá tí a ti fọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí sítáàṣì rẹ̀ lè kúrò, rọ́pò àrán náà, a sì fi páálí sí apá ibi tí ojú ẹ̀rọ máa ń kọ sí. Ojú ibi tí a ti rán an wà níta, kì í ṣe nínú. Ọjọ́ Sátidé ni gbígbọ̀n rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà

Lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, ọ̀rá ti ní ìhọ tuntun mọ́kànlá, gbogbo rẹ̀ nísàlẹ̀, èékánná ò tíì lè mọ̀ ọ́n lára. Tí ìka bá ti ń bá a pàdé, a ó bó o: káàdì ATM sábẹ́ igun kan, kí a wá fà á pẹlẹbẹ, kì í ṣe sókè. Oní-POS ti ń fi aṣọ tó lọ́rinrin nu ún báyìí. Ẹyọ kẹta wà nínú ẹ́nfílóòpù pẹ̀lú páálí òṣùwọ̀n, tí a kọ 69.5 sí 124 sí lẹ́yìn.