Tó o bá ti mọ ata dín, kò tún sí ọbẹ̀ tó le mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ọbẹ̀ àwọn ará Íńdíà àti Ethiopia le sè, irọ́ ni jàre, ẹni tó bá ti lè dín ata títí tí epo á fi léfòó sókè, iṣẹ́ ti bùṣe. Gúúsù London ni mò ń gbé, tẹ́ ẹ bá wọ Rye Lane ní Peckham, ata rodo ni o, ìyèré ni o, ewé kọrí tútù ni o, gbogbo ẹ̀ ló wà ńlẹ̀, owó ló kù.

Doro wat, ọbẹ̀ adìyẹ àwọn ará Ethiopia, ló ń dá mi lọ́rùn jù. Mọ́mì kan ládùúgbò wa ló kọ́ mi. Wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìkòkò, wọ́n gbé e kaná láìfi epo sí i rárá! Mo ní mọ́mì, ṣé ò ní jóná báyìí, wọ́n ní kí n ṣáà máa rò ó. Omi ara ẹ̀ náà ló ń sè é, ó ń rọ̀, ó ń wálẹ̀, ó ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, àfi bíi ẹ̀kọ mímu nígbà tó yá. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi bọ́tà sí i, wọ́n wá da berbere lé e, ìyẹn ata gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ oríṣiríṣi nǹkan, ilé ń ta sánsán, aláàmù èéfín ń ké, mo sáré lọ ṣí fèrèsé. Adìyẹ àti ẹyin bíbọ̀ ló kẹ́yìn. Injera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, àmọ́ iyán náà gbé e dáadáa (ẹ má sọ fún mọ́mì o).

Ti Íńdíà ńkọ́? Kóró kúmínì ló máa kọ́kọ́ wọnú epo gbígbóná, tó bá ti ń ta pàràpàrà, ẹ kó àlùbọ́sà, aáyù, ata ilẹ̀ àti tòmátò sí i, ẹ máa dín in títí epo á fi yọ. Ṣebí ohun tí ìyá wa ń ṣe náà nìyẹn? Kọrí inú ike tá à ń wọ́n sí fráìdì ráìsì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló pò ó pọ̀ fún ara wọn, ó ti lé ní 200 ọdún. Ata gan-an tá a fi ń yangàn, rodo, ṣọ̀mbọ̀, tàtàṣé, Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa tàbí Íńdíà kí Columbus tó wọkọ̀ lọ síbẹ̀ lọ́dún 1492, àwọn Pọtogí ló gbé e káàkiri. Ìyèré àti ataare làwọn baba ńlá wa ní.

Ẹ má ra èròjà ọbẹ̀ tinú ìgò kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì o, olè ni. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Éṣíà ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ ra oníkóró, ẹ yan án nínú páànù gbígbẹ, kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́.

Èyí tí mi ò tíì gbà ni moqueca, ọbẹ̀ ẹja àwọn ará Bahia ní Brazil. Epo pupa ni wọ́n ń lò o, ọ̀rọ̀ wa ni, àmọ́ wọn ò dín nǹkan kan! Ẹja, tòmátò, ata, gbogbo ẹ̀ ní tútù ni wọ́n tò síra wọn nínú ìkòkò, wọ́n wá da wàrà àgbọn lé e. Ọkọ mi jẹ ẹ́, wọ́n tún bù sí i. Èmi ní tèmi, tí mo bá tún fẹ́ sè é, màá kọ́kọ́ dín ata yẹn ná, kí àwọn ará Bahia máa bínú.