Ẹ Wọn Pẹ́dà sí Ilẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Wíìlì Kékeré Sí Fixed Gear

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ to kẹ̀kẹ́ fixed gear pọ̀, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí pẹ́dà rẹ̀ kì í dúró bí wíìlì bá ṣì ń yí, tẹ́ ẹ wá fẹ́ fi wíìlì kékeré sí férémù tí wọ́n ṣe fún wíìlì ńlá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú téèpù kí ẹ tó mú sípánà. Ẹ wọn bí ìdí pẹ́dà, ìyẹn ibi tí apá pẹ́dà ti ń yí nínú férémù, ṣe ga sí ilẹ̀ tó. Ẹni tí kò bá ráyè ka ìyókù lè mú ìyẹn nìkan lọ, torí òun ló ṣe mí léṣe, òun náà ni mo sì máa tẹnu mọ́ títí ó fi máa sú yín. Èépá ṣì wà lórúnkún mi ọ̀tún. Tí mo bá jókòó sórí ẹní láti kírun, ẹsẹ̀ kan ni mo máa ń ká, mo máa na ìkejì.

Ẹ mọ ìdí tí àwa tí à ń gbé Ìkòròdú fi ń ṣe irú kẹ̀kẹ́ yìí. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti wíìlì ńlá tí wọ́n ń pè ní 700c kò lè bá ọ̀nà Ìgbógbó ṣeré; kòtò kan péré, tíúbù ti bẹ́, ẹ ti ń wá fokanáísà kiri. Jíà onípele, iyanrìn ló ń pa á. Fixed gear kò ní wàhálà ìyẹn: jíà kan níwájú, jíà kan lẹ́yìn, ṣéènì kan, ó parí. Wíìlì kékeré ní tirẹ̀ le ju ńlá lọ torí sipóòkù rẹ̀ kúrú, ó máa ń tètè gbéra nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, táyà rẹ̀ sì wà rẹpẹtẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ ọmọdé tòkunbọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbàlagbà ń gun kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹ lọ wádìí Alex Moulton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé kẹ̀kẹ́ oníwíìlì íǹṣì 16 jáde ní 1962. Àgbàlagbà ló ṣe é fún. Àmọ́ férémù tó bá wíìlì yẹn mu ni òun ṣe fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Férémù tèmi, rácer (kẹ̀kẹ́ eré ìje) àtijọ́ ni, irin gidi, wíìlì 700c ni wọ́n ṣe é fún. Ihò tí wíìlì ẹ̀yìn ń wọ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ó ṣeé fà síwá sẹ́yìn. Ẹ má ra èyí tí ihò rẹ̀ dúró ṣánṣán o, torí lórí férémù lásán, kò sí ohun mìíràn tó máa fa ṣéènì fixed gear le bí kò ṣe pé kí ẹ fa wíìlì fúnra rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣéènì tó bá dẹ̀ máa já kúrò lórí jíà, tó bá sì há, wíìlì ẹ̀yìn á dúró gbagidi.

Wíìlì íǹṣì 24 ni mo yàn. Níbí náà, ẹ ṣọ́ra, torí íǹṣì 24 kì í ṣe ẹyọ kan. Táyà tí wọ́n kọ 24 x 1.75 sí lára, ríìmù tó jẹ́ mìlímítà 507 ló ń wọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 24 x 1 3/8 sí, 540 ni tirẹ̀, òun ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó ń tajà á ní, "Íǹṣì mẹ́rìnlélógún náà ni, ẹ gbà á." Kò ní wọ̀ láéláé. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá nọ́ńbà tó ní dáàṣì láàárín, bíi 47-507, òun ni kì í parọ́.

Họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ìyẹn irin àárín wíìlì tí sipóòkù ti ń jáde, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ló fi ránṣẹ́. Họ́ọ̀bù fixed gear gidi ní tírẹ́ẹ̀dì méjì: èyí tí jíà ń wọ̀ ń wé sí ọ̀tún, èyí tí nọ́ọ̀tì ìdè ń wọ̀ ń wé sí òsì. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ti pẹ́dà sẹ́yìn láti dín eré kù, tí jíà sì fẹ́ tú, nọ́ọ̀tì yẹn ni kò ní gbà fún un. Àwọn kan ń yí jíà mọ́ họ́ọ̀bù onífíríwíìlì lásán, irú èyí tí ẹsẹ̀ lè dúró tí wíìlì ṣì ń yí, torí tírẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ bára mu, wọ́n á ní ó ti wọ̀. Ó wọ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ti pẹ́dà sẹ́yìn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa tú. Họ́ọ̀bù mi fẹ̀ ní mìlímítà 120, àlàfo férémù jẹ́ 126, wọ́ṣà ni a fi dí i, lọ́tùn-ún àti lósì. Sipóòkù tí mo rà gùn jù. Bàbá tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe gé e, wọ́n sì gé tírẹ́ẹ̀dì tuntun sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gbogbo mẹ́rìndínlógójì. Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, àwọn èèyàn ti kìlọ̀ rẹ̀ fún mi ṣáájú. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá nínú fixed gear gba owó lọ́wọ́ mi láti wo iṣẹ́ náà parí. Ó yẹ ṣéènì wò, ó fi ọwọ́ yí wíìlì, ó tẹ búréèkì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gùn ún lọ, kò sí wàhálà." Kò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí wíìlì bá kéré, gbogbo férémù á sọ̀ kalẹ̀, pẹ́dà á bá a sọ̀ kalẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ onífíríwíìlì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan: tí ẹ bá dé kọ́nà, ẹ ó dá ẹsẹ̀ dúró, ẹ ó gbé pẹ́dà inú kọ́nà sókè, ẹ ó kọjá. Fixed gear kò gba ìyẹn. Bí wíìlì bá ṣáà ń yí, pẹ́dà ń yí. Ẹ fẹ́, ẹ kọ̀, pẹ́dà inú kọ́nà máa dé ìsàlẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀bùtè ló ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ lọ sí etí ọ̀sà, tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò lọ sí Èkó. Àárọ̀ ni, títì gbẹ, kò sí epo, kò sí iyanrìn lójú kọ́nà yẹn. Mo ń sọ ọ́ torí àwọn kan ti ń sọ pé mo yọ̀ ni. N ò yọ̀. Eré tí mo ń sá ò sì tó ti ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn mi. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ dín eré kẹ̀kẹ́ mi kù láti òkè, ọwọ́ mi wà lórí búréèkì iwájú. Kọ́nà náà yà sí ọ̀tún. Mo tẹ̀ sí i díẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń tẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni "gbà!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, bí ìgbà tí wọ́n fi òòlù lu irin. Pẹ́dà ti kan títì. Kò lè padà sẹ́yìn, torí wíìlì ń tì í. Kò lè lọ síwájú, torí ilẹ̀ dí i. Wíìlì ẹ̀yìn ló wá gbéra kúrò nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ìdí mi ti ń lọ sí òsì, orí kẹ̀kẹ́ ń lọ sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ mi sì wà nínú okùn tó ń di ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, n ò lè yọ ọ́. Èyí tó pá mi láyà jù nìyẹn, ju ṣíṣubú fúnra rẹ̀ lọ: pẹ́dà balẹ̀, ó tún yí, ó gbé ẹsẹ̀ mi yípo, ó tún kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó ṣubú. Ẹsẹ̀ mi ni, àmọ́ kò sí níkàáwọ́ mi. Mo fi orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ wọ́ títì, kẹ̀kẹ́ bò mí mọ́lẹ̀, mo sì ń gbọ́ búréèkì ọ̀kadà tó ń ké lẹ́yìn orí mi.

Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ má fà á lápá o! Bọ̀dá, ẹ má tíì dìde, ẹ jókòó ná." Wọ́n da omi pure water sí orúnkún mi. Ọlọ́kadà yẹn ti bọ́ sílẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ò dá ẹsẹ̀ dúró?" Mo ní kẹ̀kẹ́ náà kì í jẹ́ kéèyàn dá ẹsẹ̀ dúró. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. "Ẹ sì fi owó yín ṣe é?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo ń wo pẹ́dà. Etí irin rẹ̀ ti dán funfun, gígùn rẹ̀ tó èékánná àtàǹpàkò, ọ̀dà títì dúdú sì há sínú eyín rẹ̀.

Nígbà tí mo délé ni mo mú téèpù. Kí n tó pààrọ̀ wíìlì, láti ilẹ̀ dé àárín ìdí pẹ́dà jẹ́ mìlímítà 266. Lẹ́yìn wíìlì 24, àti fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ ọmọdé (irin tó di wíìlì iwájú mú) tó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó di 225. Apá pẹ́dà mi, irin tó so pẹ́dà mọ́ ìdí rẹ̀, jẹ́ 170. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 55, a ò sì tíì yọ ìnípọn pẹ́dà fúnra rẹ̀. Kò ku nǹkan kan mọ́! Èèyàn ò nílò kó tẹ̀ púpọ̀ kí irú èyí tó kan ilẹ̀.

Ohun tí mo ṣe sí i kò pọ̀. Mo wá apá pẹ́dà 152, mo fi pẹ́dà pẹlẹbẹ sí i, mo já okùn ẹsẹ̀ sọ nù. Ó ti ń lọ dáadáa. Apá pẹ́dà ọmọdé tó jẹ́ irin kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ kò lè wọ irú férémù yìí o, ẹ wá èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin. Kódà àwọn tó ń fi fixed gear sáré nínú pápá, ìdí pẹ́dà tiwọn ga ju ti rácer lọ, 165 ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò, pẹ̀lú wíìlì ńlá. Ẹ ó wá fi 170 sí wíìlì kékeré?

Nípa jíà: 48 níwájú, 16 lẹ́yìn, ẹsẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí 700c, ìyẹn tó nǹkan bíi mítà 6.3. Lórí 24 mi, ó lé díẹ̀ ní 5.5. Nítorí náà ẹsẹ̀ yín á máa yí kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní eré kan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé pẹ́dà á máa dé ìsàlẹ̀ léraléra nínú kọ́nà kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé orí pẹ́dà àti ilẹ̀ náà la tún padà sí.

Búréèkì iwájú, ẹ fi sí i, ẹ má gbọ́ tàwọn tó ń sọ pé fixed gear kò nílò rẹ̀. Sheldon Brown, ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2008, tí ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ nǹkan lára ohun tó kọ sílẹ̀ nípa fixed gear, kò fọwọ́ sí gígùn ún ní títì láìsí búréèkì iwájú. Àmọ́ búréèkì rácer kò ní dé ríìmù 507, ó máa ṣẹ́kù ju mìlímítà 50 lọ. Ìdí tí mo fi wá fọ́ọ̀kì ọmọdé nìyẹn, èyí tó ti ní ibi tí búréèkì ń jókòó sí. Ẹ sì rántí pé òun náà ń fa ìdí pẹ́dà wálẹ̀, kẹ́ ẹ kà á mọ́ ìwọ̀n yín.

Ìyàwó mi ti ní òun náà fẹ́ tòun, oníwíìlì 20. Mo ti rí férémù BMX, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún wíìlì 20, mo sì ti wọn ìdí pẹ́dà rẹ̀ níwájú ẹni tó tà á fún mi, ó ní ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rán fún un ni. Ó ku ríìmù. 406 ni mo ń wá, kì í ṣe 451, oníhò 36, kó má dógùn-ún. Ẹni tó bá rí méjì ní Ṣábọ̀ tàbí Odogúnyàn kó bá mi dì í mú, owó rẹ̀ ti wà nílẹ̀.