Èmi kì í gun òrùlé o

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò iná òòrùn ni mo ń bá ṣiṣẹ́ n'Ílọrin níbí. Àwọn ará ilé wa l'Ọ́fà ṣì ń pè mí kí n wá tún invẹ́tà ṣe. Òfin ni mo ń kà, ẹ jọ̀ọ́.

Bí NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, bá gbé àbá ìlànà tuntun síta, èmi ni màá kó ẹnu àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ, tí màá sì kọ èsì wa. Kíkó ẹnu wọn jọ gan-an niṣẹ́! Mo ní kí wọ́n kọ̀wé, Alájì kan fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn rẹ̀. Oníná òòrùn rèé o.

Ohun tó máa ń ká wọn lára jù ni iná abúlé, ìyẹn iná tí wọ́n ń dá ṣe fún abúlé tí wáyà ìjọba kò tíì dé. Nínú ìlànà NERC ti ọdún 2023, èyí tí kò bá tó 100 kilowatt, ìforúkọsílẹ̀ lásán ti tó. Láti ibẹ̀ dé 1 megawatt, ìwé àṣẹ ni. Àwọn kan á ní kí ló kàn wọ́n pẹ̀lú ìwé àṣẹ tó ń jẹ owó. Mo máa ń bi wọ́n pé: lọ́jọ́ tí wáyà iná ìjọba bá wọ abúlé náà ńkọ́? Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á gba owó gbà-máà-bínú.

Láti ìgbà tí òfin iná ọdún 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láyè láti máa ṣàkóso iná tiwọn, ìwé tí mò ń kà ti pọ̀ sí i. Owó oṣù ò tíì gbọ́.